Ta Ni Ó Ń Kan Ilẹ̀kùn? Ìtàn Ìwé-Ẹ̀rí Tọ̀tún-Tòsì ní Berlin àti Hamburg

 

Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn dàgbà nílé Yorùbá kí ó má gbọ́ àlọ́ Ajá àti Ìjàpá. Ìyàn mú ní ìlú àwọn ẹranko, wọ́n sì fi ẹnu kò pé kí oníkálukú mú ìyá rẹ̀ wá kí àwọn pa á jẹ. Ajá kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́ sí ojú ọ̀run. Nígbàkígbà tí ebi bá ń pa á, yóò lọ dúró sí ìsàlẹ̀, yóò kọ orin kan, ìyá rẹ̀ yóò sì ta okùn sílẹ̀ kí ó gùn ún lọ jẹun. Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, fi ara pamọ́, ó gbọ́ orin náà, ó sì há a sórí. Ní ọjọ́ kejì, òun náà lọ, ó yí ohùn padà, ó kọ orin, okùn sì sọ̀ kalẹ̀ fún un. Ọpẹ́lọpẹ́ Ajá tí ó dé ní àkókò, tí ó ké sí ìyá rẹ̀ pé kí ó gé okùn.

Nígbà tí a wà ní kékeré, olójúkòkòrò ni wọ́n fi àlọ́ yìí bá wí. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń dàgbà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo ń rí nínú rẹ̀. Ìyá Ajá kò mọ ẹni tí ń kọrin. Orin ni ó mọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lè kọ ọ́, ọmọ rẹ̀ ni. Ajá náà, bí ó ti gbọ́n tó, kò fi ìgbà kan béèrè ẹni tí ó di okùn mú lókè. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀tá ni ó ta okùn sílẹ̀ ní ọjọ́ kan, Ajá ì bá gùn ún lọ bá ikú.

Orin Ajá yìí gan-an ni ohun tí a ń pè ní ọ̀rọ̀ aṣínà lónìí. Òun ni a ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí báńkì tó jẹ́ kí a rí owó wa, kí a tó lè ka lẹ́tà wa, kí a tó lè bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbìyànjú láti kúrò lórí orin, kí wọ́n sì bọ́ sórí ìwé-ẹ̀rí tí onílé àti àlejò jọ ń fi han ara wọn. Apá tí ó pọ̀ nínú ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ní ìlú méjèèjì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, ó sì kan káàdì tí ó wà nínú àpò yín bí ẹ ti ń ka ìwé yìí.

Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí wa. Kí ìwé kíkà tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé ẹnu lásán kò tó láti fi dá ìránṣẹ́ mọ̀. Ní Ọ̀yọ́, àwọn Ìlàrí ni Aláàfin ń rán níṣẹ́. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, kọ ọ́ sílẹ̀ pé apá kan orí wọn ni wọ́n máa ń fá. Ẹni tí ó bá rí orí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà ti mọ ẹni tí ó rán an. Ní Dahomey, ọ̀pá ọba ni ìránṣẹ́ ń gbé lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá rí ọ̀pá náà, bí ẹni rí ọba ni.

A sì ní àrokò. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará Yúróòpù nínú ìwé. C. A. Gollmer ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Württemberg ni, míṣọ́nnárì sì ni. Òun, Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther ni wọ́n jọ dé Àgbádárìgì ní ọdún 1845. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí àrokò jáde ní London ní ọdún 1885. Ẹ ó rántí bí àwọn àgbà ṣe máa ń túmọ̀ rẹ̀: owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀, ẹ̀fà ni, ó ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí bá gbà, yóò fi ẹyọ mẹ́jọ ránṣẹ́ padà, èyíinì ni pé ọ̀rọ̀ wa jọ.

Àwọn ará Jámánì náà ní tiwọn. Kí ìwé gbèsè tó wọ́pọ̀ láàrin wọn, igi ni wọ́n ń fá ní àmì, wọ́n á sì là á sí méjì. Ẹni tí ó yáni lówó mú apá kan, ẹni tí ó jẹ gbèsè mú apá kejì. Kerbholz ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ṣì ń dá a lówe títí di òní: bí ẹnì kan bá ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn, wọ́n á ní ó ní nǹkan lórí Kerbholz rẹ̀. Ní ọjọ́ ìṣirò, wọ́n á to apá méjèèjì pọ̀; bí wọn kò bá bá ara mu, ẹnì kan ti ṣe màgòmágó.

Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Orí Ìlàrí ń jẹ́rìí fún ìránṣẹ́ nìkan. Àrokò tí a dá padà, àti igi tí a là sí méjì, ń jẹ́rìí fún tọ̀tún tòsì. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Òru kan ní Hamburg

Ní ọdún 1980, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, Deutsche Bundespost, bẹ̀rẹ̀ sí í dán ohun kan wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Berlin àti ní Düsseldorf. Bildschirmtext ni orúkọ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Btx. Wọ́n so tẹlifísọ̀n mọ́ wáyà tẹlifóònù, ènìyàn sì lè ti inú pálọ̀ rẹ̀ ka ìròyìn, kí ó ra ọjà, kí ó sì bá báńkì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ ńlá ti rédíò àti tẹlifísọ̀n ní Berlin, wọ́n ṣí i fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé yóò tẹ nọ́ńbà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Orin Ajá nìyẹn.

Ní àkókò kan náà, àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa tú ẹ̀rọ wò. Wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981 ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn taz ní Berlin, ṣùgbọ́n Hamburg ni ẹgbẹ́ wọn ti fìdí kalẹ̀. Chaos Computer Club ni wọ́n pe ara wọn. Wau Holland àti Steffen Wernéry wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Wọ́n ń pariwo pé ihò wà lára Btx. Bundespost ní kò sí.

Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1984, wọ́n fi hàn. Nínú Btx, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ojú ìwé lè bu owó lé e, iye náà yóò sì wọ inú ìwé owó tẹlifóònù ẹni tí ó bá ṣí i. Ẹgbẹ́ náà ní ojú ìwé kan tí iye rẹ̀ jẹ́ Máàkì 9.97. Nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ aṣínà Hamburger Sparkasse, ilé ìfowópamọ́ ńlá ìlú Hamburg, bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà fi orúkọ báńkì náà máa ṣí ojú ìwé olówó náà, kí ó máa tì í, kí ó tún máa ṣí i. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ó ti ṣí i ju ìgbà 13,000 lọ. Báńkì ti jẹ wọ́n ní nǹkan bíi 135,000 Máàkì. Wọn kò gba owó náà. Wọ́n pe àwọn oníròyìn àti aláṣẹ tí ń dáàbò bo àṣírí ará ìlú ní Hamburg, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n ṣe.

Wọ́n ní ẹ̀rọ Btx fúnra rẹ̀ ni ó da ọ̀rọ̀ aṣínà náà sílẹ̀ níwájú wọn. Bundespost kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ báńkì. Orin báńkì ni ó mọ̀. Ìjàpá kọ ọ́ láti alẹ́ títí di òwúrọ̀, okùn sì ń sọ̀ kalẹ̀.

Táyéwò àti Kẹ́hìndé

Oògùn àrùn yìí ti wà nílẹ̀ kí òru Hamburg tó ṣú. Ní ọdún 1976, àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjì, Whitfield Diffie àti Martin Hellman, gbé àbá kan jáde pé kì í ṣe dandan kí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo máa tì, kí ó sì máa ṣí. A lè bí kọ́kọ́rọ́ ní ìbejì. Ní ọdún 1978, Ron Rivest, Adi Shamir àti Leonard Adleman tẹ ìwé tí ó fi hàn bí a ṣe lè ṣe é pẹ̀lú ìṣirò.

Àwa tí a mọ ìbejì kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Kẹ́hìndé ni àgbà, òun ni ó dúró sílé. Táyéwò ni a rán jáde pé kí ó lọ tọ́ ayé wò. Kọ́kọ́rọ́ tí ó jẹ́ Kẹ́hìndé kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Èyí tí ó jẹ́ Táyéwò, a lè fún gbogbo ayé. Ohun tí Kẹ́hìndé bá buwọ́ lù, Táyéwò nìkan ni ó lè jẹ́rìí pé òótọ́ ni. Ẹni tí ó ní Táyéwò lọ́wọ́ lè yẹ ìbuwọ́lù wò, ṣùgbọ́n kò lè ṣe irú rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù: báwo ni mo ṣe mọ̀ pé Táyéwò tí ẹ fi rán mi, tiyín ni lóòótọ́? Ní ọdún 1978 kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní MIT, Loren Kohnfelder, dábàá pé kí ẹni tí gbogbo ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé kọ ìwé pé, Táyéwò báyìí, ti lágbájá ni, kí ó sì buwọ́ lu ìwé náà. Ìwé-ẹ̀rí ni èyí. Ní ọdún 1988, àwọn àjọ àgbáyé ṣe ìlànà bí ìwé-ẹ̀rí yóò ti rí, wọ́n sì pè é ní X.509. Iléeṣẹ́ Netscape mú un wọ inú íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1995 pẹ̀lú ìlànà SSL. Ní ọdún 1999, ìlànà náà di TLS, tí a ń lò títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń lọ. Kọ̀ǹpútà yín ni àlejò, ti báńkì ni onílé. Àlejò kan ilẹ̀kùn. Onílé mú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jáde. Àlejò wo ẹni tí ó buwọ́ lù ú, bóyá ó wà lára àwọn àgbà tí òun mọ̀, nítorí pé orúkọ àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó rà á. Onílé tún ní láti fi hàn pé Kẹ́hìndé wà lọ́wọ́ òun, pé kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí ẹlòmíràn ni òun jí gbé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdánimọ̀ ń parí sí. Onílé ti fi ara hàn. Nígbà tí ó bá kan àlejò, a ó ní kí ó kọ orin.

Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1990 ni ìlànà náà ti fi àyè sílẹ̀ fún onílé láti wí pé: "Èmi ti fi tèmi hàn, ìwọ náà, mú tìrẹ wá." Àlejò yóò mú ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ jáde. Yóò kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bá ara wọn sọ láti ẹnu ọ̀nà jọ, yóò sì fi Kẹ́hìndé rẹ̀ buwọ́ lù ú. Onílé yóò fi Táyéwò inú ìwé-ẹ̀rí náà yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá bá a mu, ilẹ̀kùn ṣí. Kẹ́hìndé kò jáde nílé rárá, nítorí náà kò sí ohun tí Ìjàpá lè gbọ́ lójú ọ̀nà kí ó há a sórí. Ọ̀rọ̀ tòní kò sì rí bí ọ̀rọ̀ tàná, nítorí náà ìbuwọ́lù àná kò wúlò fún ẹni tí ó jí i. Àléébù kan wà fún ọ̀pọ̀ ọdún: ìwé-ẹ̀rí àlejò máa ń kọjá lójú ọ̀nà ní gbangba, aládùúgbò lè ka orúkọ tí ó wà lára rẹ̀. Ìlànà TLS ti ọdún 2018 ni ó wá fi aṣọ bò ó.

Àwọn báńkì Jámánì kò fi ẹ̀kọ́ náà ṣeré. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n ṣe ìlànà tí wọ́n pè ní HBCI, tí oníbàárà fi lè ní ìbejì kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nínú dísìkì tàbí káàdì, tí báńkì náà sì ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, oníbàárà yóò tẹ àmì Táyéwò rẹ̀ sórí ìwé, yóò fi bírò buwọ́ lù ú, yóò sì fi ránṣẹ́ sí báńkì nínú àpò ìwé. Báńkì náà yóò fi àmì tirẹ̀ hàn lórí ìwé kí oníbàárà lè fi wé ohun tí ó rí lójú kọ̀ǹpútà. Kerbholz ni ó padà wá yẹn.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi padà sí orin

Bí ohun yìí bá dára tó báyìí, èéṣe tí a ṣì fi ń kọ orin? Ìdí ni pé kọ́kọ́rọ́ ní wàhálà tirẹ̀. Ó lè sọnù. Kọ̀ǹpútà lè bàjẹ́ kí ó bá a lọ. Ọjọ́ rẹ̀ lè pé láìjẹ́ pé ènìyàn rántí. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé àbúrò rẹ̀ ní Hamburg láti Berlin lè ti gbàgbé rẹ̀ sílé. Báńkì rí i pé àwọn oníbàárà fẹ́ràn ìwé pélébé tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí, tí wọ́n ń pè ní TAN, nítorí pé ó rọrùn. Nígbà tí ó fi di nǹkan bíi ọdún 2005, àwọn olè ti ń kọ́ ilé báńkì ayédèrú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn sì ń fi ọwọ́ ara wọn tẹ nọ́ńbà wọn fún wọn. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ni ó fi òpin sí ìwé pélébé náà ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019.

Ìwé-ẹ̀rí tọ̀tún-tòsì kò kú. Ó wọ inú ilé lọ, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó so àwọn yunifásítì Jámánì pọ̀, DFN-Verein, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1984, Berlin ni olú ilé rẹ̀ wà. Ní yunifásítì Hamburg ni ẹ̀ka ààbò rẹ̀, DFN-CERT, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993. DFN ni ó ń ṣètò ìwé-ẹ̀rí fún àwọn yunifásítì àti àwọn ènìyàn inú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ẹ bá sì lọ rí dókítà, tí ẹ fi káàdì ìlera yín sínú ẹ̀rọ, káàdì yín àti káàdì ilé ìwòsàn náà lè yẹ ara wọn wò kí àṣírí tó jáde. Iléeṣẹ́ gematik ní Berlin ni ó ṣe ìlànà rẹ̀.

Káàdì tí ó wà nínú àpò yín

Ibi méjì ni ìwé-ẹ̀rí àlejò ti dé ọwọ́ ará ìlú ní Jámánì. Èkíní ni ELSTER, ọ̀nà tí a ń gbà fi ìwé owó-orí ránṣẹ́. Elster jẹ́ orúkọ ẹyẹ kan tí àwọn ará Jámánì gbà pé ó máa ń jí ohunkóhun tí ó bá ń dán. Bí àwọn agbowó-orí bá sọ ètò wọn ní orúkọ yẹn, ẹ̀yin ẹ sọ bóyá àwàdà ni. Ìlànà rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí mo ṣàlàyé lókè, ṣùgbọ́n Táyéwò àti Kẹ́hìndé kan náà ni. Láti ọdún 2013 ni ó ti di dandan fún àwọn oníṣòwò láti fi ìwé-ẹ̀rí ránṣẹ́ ìwé owó-orí ọjà wọn.

Nígbà tí èmi fẹ́ gba tèmi, nọ́ńbà kan wá nínú í-méèlì, èkejì sì wá nínú lẹ́tà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Mo rò pé ìpolówó ọjà ni lẹ́tà náà, díẹ̀ ni ó kù kí n sọ ọ́ nù. Ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, ṣé íntánẹ́ẹ̀tì kò tó wọn ni?" Ó tó wọn, ọmọ mi. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fẹ́ gbà, kí ẹni tí ó bá dènà ní ọ̀kan má lè ní èkejì. Nígbà tí nọ́ńbà méjèèjì pé, kọ̀ǹpútà fún mi ní fáìlì kékeré kan tí a ó máa fi ọ̀rọ̀ aṣínà ṣí. Fáìlì yẹn ni Kẹ́hìndé mi. Ọdún mẹ́ta ni ó ń lò kí a tó sọ ọ́ di tuntun.

Èkejì ni káàdì ìdánimọ̀. Láti ọjọ́ 1 Oṣù Kọkànlá ọdún 2010 ni Personalausweis ti ní ọpọlọ kékeré nínú tí a fi lè jẹ́rìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011 ni Aufenthaltstitel, ìwé ìgbélùú tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní, ti di káàdì bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bundesdruckerei, ní àdúgbò Kreuzberg ní Berlin, ni ó ń tẹ àwọn méjèèjì.

Ohun tí ó wù mí jù nípa káàdì yìí ni ìwà rẹ̀. Ẹ ó tẹ nọ́ńbà àṣírí mẹ́fà kí ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Lẹ́yìn náà, kàkà kí ó kọ́kọ́ fi orúkọ yín hàn, ó ní kí ọ́fíìsì tí ń béèrè mú ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ wá ná. Ìwé-ẹ̀rí yẹn ni ó sọ ẹni tí ó ń béèrè àti ohun tí ìjọba gbà á láàyè láti béèrè. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ orí nìkan ni wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀, káàdì kò ní sọ ibi tí ẹ ń gbé fún wọn. Ìgbà tí onílé bá ti fi ara hàn ni káàdì yóò tó fi tirẹ̀ hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sí ọ́fíìsì àwọn àjèjì láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí ẹ ń kó gbogbo ìwé ayé yín kalẹ̀ níwájú ẹni tí kò tilẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ fún yín, ẹ ó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Kì í ṣe pé kò ní àbàwọ́n. Ní ọdún 2010 kan náà, ẹgbẹ́ Chaos Computer Club fi hàn pé bí kòkòrò bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì ń tẹ nọ́ńbà àṣírí lórí rẹ̀, olè lè rí nọ́ńbà náà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà láìsí káàdì, orin láìsí okùn ni.

Ohun tí ó kan àwa òbí

Ní gbogbo àwùjọ wa, ẹnì kan máa ń wà tí ó gbọ́ èdè Jámánì dáadáa, tí ó sì mọ kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń bá gbogbo ènìyàn kọ ìwé owó-orí. Èèyàn dáadáa ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo kọ̀ǹpútà rẹ̀: Kẹ́hìndé ogún ìdílé ni ó lè wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà wọn nínú ìwé àjákọ kan. Bí olè bá jí kọ̀ǹpútà náà gbé, ogún ilé ni ó jí. Ohunkóhun tí a bá sì fi ìwé-ẹ̀rí yín ránṣẹ́, orúkọ yín ni ó jẹ́, ẹ̀yin ni ọ́fíìsì owó-orí yóò kọ lẹ́tà sí. Ẹ jẹ́ kí ó ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹ sì mú fáìlì yín lọ sílé. Ẹni tí òfin gbà láyè láti máa fi iṣẹ́ owó-orí jẹun ní ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀. Kò nílò tiyín.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọmọ ọdún méjìlá ń bá tẹ nọ́ńbà àṣírí, nítorí pé ọmọ náà ni ó mọ ibi tí a ń tẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ọmọ fi ọ̀nà hàn wá, kí àwa di kọ́kọ́rọ́ mú. Bí a bá sọ ọ́ di ẹni tí ń buwọ́ lùwé fún bàbá rẹ̀, ẹrù tí ó ju orí rẹ̀ lọ ni a gbé rù ú. Nígbà tí ó bá pé ọdún mẹ́rìndínlógún, òun náà yóò lè fi káàdì tirẹ̀ jẹ́rìí, yóò sì ti rí lára wa bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù ni pé kí a máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń béèrè lọ́wọ́ wa. Nílé, láti ọdún 2014 tí BVN ti dé, àwọn báńkì Nàìjíríà ti ní ọ̀nà láti mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pè yín lórí fóònù pé báńkì ni òun, kí ẹ ka BVN yín fún òun, kí ni òun fi jẹ́rìí? Níhìn-ín, ẹnì kan yóò fi nọ́ńbà tuntun kọ̀wé pé, "Mọ́mì, fóònù mi ti bàjẹ́, ẹ fi owó ránṣẹ́." Àwọn kan ní kí a bi í ní oríkì rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n orin ni oríkì náà, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ rí lè kì í. Ẹ fi fóònù sílẹ̀, kí ẹ pe nọ́ńbà ọmọ yín tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ báńkì ni, ẹ pe nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì yín. Ọ̀nà kejì ni ẹ gbà yẹn, bí ọ́fíìsì owó-orí ṣe fi lẹ́tà tẹ̀lé í-méèlì. Bí káàdì ìdánimọ̀ tàbí ti báńkì bá sọnù, 116 116 ni nọ́ńbà tí a ń pè ní Jámánì láti tì í pa.

Ní alẹ́ yìí, ẹ pa àlọ́ Ajá àti Ìjàpá fún àwọn ọmọ. Nígbà tí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ má bi wọ́n nípa ojúkòkòrò nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: kí ni ìyá Ajá ì bá béèrè kí ó tó ta okùn sílẹ̀? Kí ni Ajá fúnra rẹ̀ ì bá béèrè kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan okùn? Àwọn ọmọ tí a ń tọ́ ní Berlin àti Hamburg yóò ní ìdáhùn tí yóò yà yín lẹ́nu.

Ilé wa kò ní dàrú, olè kò ní mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó dìgbà kan ná.